Ẹni Tí Ó Gbàgbé Kọ́ Ni Ó Ń Purọ́

Ní ilé tí mo ń gbé ní Mayfair, ní ìlú Johannesburg, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá kan máa ń wá bá mi wo fíìmù ní alẹ́ Sátidé. Ní ọjọ́ kan, wọ́n mú Memento wá, fíìmù tí Christopher Nolan ṣe ní ọdún 2000. Ọ̀kan nínú wọn mú ìyá rẹ̀ dání, ìyá àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin, tí iyè wọn sì ti ń rá. Kí fíìmù náà tó dé ìdajì, Màmá ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá Bàbá ti ti oko dé. Bàbá ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí fíìmù parí, tí ó sì hàn gbangba pé ọkùnrin tí kò lè rántí nǹkan ni ó sọ ara rẹ̀ di apààyàn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní: “Ẹ ṣọ́ra fún Màmá o! Ta ni ó mọ ohun tí àwọn náà ti ṣe tí wọ́n fi ń díbọ́n pé àwọn gbàgbé?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ní: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbígbàgbé ni mo ń gbàgbé o, n kò purọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju pé òtítọ́ ni Màmá sọ. Àwọn fíìmù tí ń fi ìpàdánù iyè dẹ́rù ba ènìyàn, tí asọ̀tàn inú wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ti kọ́ wa láti fura sí ẹni tí kò yẹ kí a fura sí. Wọ́n kọ́ wa láti wo aláìsàn bí òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀, nínú ayé tí a ń gbé, ẹni tí iyè rẹ̀ pé pérépéré ni ó sábà máa ń sọ pé òun kò rántí. Àwa olùkọ́ èdè, tí a ń fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní kíláàsì, ní ìpín nínú ẹ̀bi yìí.

Kì í ṣe àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1920 ni Robert Wiene ṣe fíìmù The Cabinet of Dr. Caligari ní Jámánì. Ọkùnrin kan ń sọ ìtàn ìpànìyàn fún wa; ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí fíìmù parí ni a tó mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ni ó ti ń sọ ọ́, a sì ní kí a da gbogbo ohun tí ó sọ nù. Ní ọdún 2010, Martin Scorsese gbé Shutter Island jáde, ọgbọ́n kan náà ni ó sì lò: ẹni tí a rò pé ó jẹ́ ọlọ́pàá tí ń wádìí ọ̀ràn ni aláìsàn tí ó pa aya rẹ̀, tí ó sì hun ìtàn mìíràn bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀. Láàárín àádọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: bí iyè ènìyàn bá ti dàrú, ẹ wá òkú lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú Spellbound, tí Alfred Hitchcock ṣe ní ọdún 1945, ọkùnrin tí iyè rẹ̀ rá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Olórí ilé ìwòsàn, tí orí rẹ̀ pé, ni apààyàn. Kódà nínú Memento, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé àwọn tí ń rántí nǹkan dáadáa ni wọ́n ń lo ọkùnrin náà bí ẹni ń lo àdá. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín léèrè ohun tí wọ́n rántí nínú fíìmù náà. Ara tí ó fín, fọ́tò tí ó kọ̀wé sí ẹ̀yìn wọn àti irọ́ tí ó pa fún ara rẹ̀ ni wọn yóò kà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n tàn án kò sí lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti sinimá wé ti ayé. Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà, ni àwọn oníṣègùn ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọpọlọ ní ọdún 1953, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27, nítorí wárápá tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà títí di ìgbà tí ó kú ní ọdún 2008, kò lè fi ohun tuntun pa mọ́ sí iyè. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ bí àlejò ni ó ń rí lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé. Ọkùnrin yìí kò gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò sì gbàgbé ìgbà èwe rẹ̀, bí àwọn fíìmù ṣe máa ń fẹ́ kí ó rí. Bí wọ́n bá kọ́ ọ láti máa ya àwòrán ìràwọ̀ nípa wíwo inú dígí, ọwọ́ rẹ̀ a máa mọ́ ọn lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti yà á rí. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ẹni tí ó bá a ṣiṣẹ́ pè é. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa iyè ènìyàn, lára ẹni tí kò lè rántí ni a ti kọ́ ọ.

Bí a bá fi ojú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè wo ọ̀ràn náà, èdè Yorùbá kò fi ohun méjèèjì pọ̀. Iyè a máa rá. Àgbàlagbà a máa ṣarán. Ènìyàn a sì máa gbàgbé. Kò sí ẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n a tún ní díbọ́n, a ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, a ní mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé. Àwọn wọ̀nyí ní ọwọ́ ènìyàn nínú. Ẹni tí ó sọ fún Màmá pé wọ́n ń díbọ́n ti gbé wọn láti agbo kìíní lọ sí agbo kejì, láìsí ẹ̀rí kankan.

Ó tún ku ohun kan tí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀, tí a kì í lò. Bí Yorùbá bá ní, “Ó ní òun kò sí níbẹ̀,” kò sí iyèméjì nípa ẹni tí òun ń tọ́ka sí: ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà ni. Bí ó bá ní, “Ó ní kò sí níbẹ̀,” ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo fún méjèèjì, a sì fi òǹgbọ́ sílẹ̀ kí ó máa méfò. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra o: òun kò jẹ́rìí sí i pé òtítọ́ ni ènìyàn sọ. Ohun tí ó ṣe fún wa ni pé ó so ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu tí ó ti jáde. Nígbà tí a bá ti mọ ẹnu náà, a lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. “Wọ́n ní” ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù, nítorí “wọ́n ní” kò ní ẹnu tí a lè mú.

Àdúgbò tí mo ti ń kọ ìwé yìí mọ ohun tí mo ń wí. Lábẹ́ òfin ìpínyà àgbègbè ti ọdún 1950, ti àwọn aláwọ̀ funfun ni Mayfair. Ní Pageview, tí ó wà nítòsí, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Fietas, ìjọba lé àwọn ará Íńdíà kúrò láàárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Lenasia, wọ́n sì kó àwọn ọlọ́jà òpópónà 14th Street lọ sí Oriental Plaza ní Fordsburg. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn ará Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé ní Mayfair, ṣùgbọ́n orúkọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ní láti fi rà á, nítorí òfin kò gbà wọ́n láyè. Títí di ọdún 1991 tí wọ́n fagi lé òfin náà, irú ìwé ilé bẹ́ẹ̀ a máa dárúkọ ẹni tí kì í ṣe onílé. Ìwé náà kò ní àrùn ìgbàgbé. Ó ní òǹtẹ̀, ó ní déètì, ó ní ìbuwọ́lù, síbẹ̀ asọ̀tàn tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. N kò dá àwọn tí ó ra ilé lẹ́bi. Òfin ni ó sọ òtítọ́ di ohun tí ènìyàn kò lè kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1971, Ahmed Timol, olùkọ́ tí ó jẹ́ ẹni ọdún 29, kú ní àgọ́ ọlọ́pàá John Vorster Square, ó jábọ́ láti àjà kẹwàá. Ní ọdún 1972, ìwádìí ilé ẹjọ́ sọ pé òun ni ó pa ara rẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. João Rodrigues, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ní òun wà nínú yàrá náà, ó ní òun kò lè dá a dúró kí ó tó bẹ́. Ní ọdún 2017, wọ́n tún ìwádìí náà ṣe. Àwọn ọlọ́pàá àtijọ́ dúró síwájú ilé ẹjọ́, wọ́n ní àwọn kò mọ ohunkóhun nípa ìdálóró. Àwọn tí wọ́n dá lóró wá síbẹ̀, wọ́n sì rántí ohun gbogbo. Adájọ́ Billy Mothle pinnu pé ṣe ni wọ́n ti Timol ṣubú, pé pípa ni wọ́n pa á. Ní ọdún 2018 ni wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan Rodrigues. Ó kú ní ọdún 2021 láìjẹ́ pé ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Fún ọdún 45, ìtàn asọ̀tàn tí kò ní àrùn kankan lọ́pọlọ ni ìwé ìjọba gbà ní òtítọ́.

Kí ni èyí kan àwa Yorùbá? Ó kàn wá gan-an ni. Nínú ọ̀pọ̀ eré àgbéléwò wa, bí àgbàlagbà obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìsọ, tí kò mọ ilé mọ́, ìran tí ó kàn ni ìran tí yóò ti jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni òun. Ìṣísọ rẹ̀ di ìjẹ́wọ́. Ohun tí a ń wò lójú amóhùnmáwòrán kì í dúró síbẹ̀: mo ti gbọ́ tí ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní ẹni Ọlọ́run ń sọ fún ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ pé kí ó jẹ́wọ́ kí ó lè rí ìtura. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa ti fi ọ̀nà tí ó dára hàn wá. Ní Ìbàdàn, ní àdúgbò Ìdíkàn, láti ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ṣe ìwádìí lórí àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà. Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 65, 1.35 ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn láàárín àwọn Yorùbá, 3.24 sì ni láàárín àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Àìsàn ni wọ́n kà. Wọn kò ka àjẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ó wú mi lórí jù: wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, wọ́n bi àgbàlagbà fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún bi ìbátan tí ó sún mọ́ ọn. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Wọn kò ta ẹnu aláìsàn nù, wọn kò sì fi í sílẹ̀ láìní alátìlẹ́yìn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní mo ń fi fíìmù ṣe ọ̀ràn, pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti má ṣe gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́. Mo gbà pé iyèméjì dára. Ṣùgbọ́n iyèméjì tí a kọ́ sórí àìlera ẹlòmíràn kì í ṣe làákàyè. Ẹ wo The Figurine, tí Kunle Afolayan ṣe ní ọdún 2009. Ère kan mú oríire wá fún ọdún méje, lẹ́yìn náà ni àjálù ń rọ́ dé. Ọ̀rẹ́ tí orí rẹ̀ pé, tí ó mọ ohun tí ó ń fẹ́, ni a wá rí i pé ó wà nídìí púpọ̀ nínú àjálù náà. Fíìmù náà parí, ó sì bi wá léèrè ohun tí a gbà gbọ́. Iyèméjì wà níbẹ̀ yamùyamù, wọn kò sì fi aláìsàn kankan rú ẹbọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ èdè. Bí ẹ bá fẹ́ fi asọ̀tàn tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé kọ́ni, ẹ gbé ìwádìí ọdún 1972 àti ti ọdún 2017 lé orí tábìlì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹ̀rí wọn ní Yorùbá, kí wọ́n sì wá ibi tí òun wà àti ibi tí “wọ́n ní” ti gba ipò rẹ̀. Bí ẹ bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fíìmù, ẹ má ṣe kọ wèrè síbi tí ó yẹ kí ẹ kọ iyè rírá. Bí ẹ bá sì wo fíìmù tán, kí ẹ tó béèrè ta ni ó gbàgbé, ẹ béèrè ta ni ó jèrè ìgbàgbé náà.

Màmá kò jèrè kankan nínú ti wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó lọ, wọ́n tún bi mí bóyá Bàbá ti ti oko dé. Ọ̀dọ́ tí ó ṣe ẹ̀fẹ̀ ń wò mí. Mo ní: “Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ wọ́n jù wá lọ, Màmá. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe rí fún wa.” Wọ́n jókòó padà, wọ́n sì sọ ọ́, láti orí fìlà Bàbá títí dé oríkì wọn. Kò sí irọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.