TA NI YÓÒ SỌ FÚN WA NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ TÚ U SÍLẸ̀?

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, àgbẹ̀, ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo! Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín gan-an la gbé wá lónìí.

Ní ọjọ́ 22 oṣù October ọdún 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó bá ibẹ̀ jáde lé ní 800, àwọn tó ṣì ń dúró de ìdájọ́ ni wọ́n. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ìjọba ń kéde, wọ́n ń wá wọn kiri. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́bi pé ó fipá bá ọmọdé lò pọ̀, tó ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, tí wọ́n ṣí géètì fún lọ́sàn-án gangan, ta ló ń kéde tirẹ̀? Ó lè wọ mọ́tò ní Ọ̀yọ́, kó sọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó gba yàrá kan, kó máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé ní ìrọ̀lẹ́. Onílé kò mọ̀. Hẹ́ḍímásítà kò mọ̀.

Wọn yóò ní òfin wà. Òótọ́ ni! Òfin tó lòdì sí ìwà ipá, tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní May 2015, fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ìfipábánilòpọ̀. Ó tún ní kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi sínú ìwé kan tí gbogbo ènìyàn lè rí. Abuja nìkan ni òfin yẹn dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, ìpínlẹ̀ tiwa náà sì ti ṣe é. Ní November 2019, àjọ NAPTIP ṣí ìwé orúkọ ti gbogbo Nàìjíríà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n káre. Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Akẹ́sán, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò yẹ̀ wò kó tó gba ayálégbé?

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí: òfin 2015 yẹn ní kí wọ́n kọ orúkọ, kò pàṣẹ fún ẹni tó jáde pé kó wá sọ ibi tó ń gbé. Ẹ bi àwọn ọmọ yín tó wà ní London. Níbẹ̀, láàárín ọjọ́ 3 tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáde, dandan ni kó yọjú sí ọlọ́pàá, kó sọ orúkọ àti ilé rẹ̀. Bó bá kó lọ síbòmíràn, ọjọ́ 3 náà ni. Bó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n tún ń bẹ. Òbí tí ara ń fu sì lè lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá nípa ẹni tó ń sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Èkìtì tilẹ̀ gbìyànjú: ní 2020 wọ́n gbé orúkọ àti àwòrán ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi síta. Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n lẹ̀ ní Adó, ta ni yóò rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò ní kí ẹ so táyà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Orúkọ ẹni tí wọ́n kàn fẹ̀sùn kàn kò gbọdọ̀ wọ ìwé, ẹni tó bá sì jàre ní kóòtù àgbà, kí wọ́n pa tirẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi sùn, kó ríṣẹ́ ṣe, bí kò bá ti jẹ́ láàárín ọmọdé.

Àwa náà ń dá kún un. “Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé,” bàálé ilé á ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bẹ ìyá ọmọ, wọ́n á fún un lówó ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí kò dé kóòtù kò lè dé inú ìwé kankan láéláé.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń fẹ́ kò le: kí ìwé orúkọ wà ní sẹkitéríàtì káńsù kọ̀ọ̀kan, kí iléèwé yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gba tíṣà tàbí ọdẹ, kí ẹni tó jáde máa fojú han ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi wọ́n pé: ìwé orúkọ ti ìpínlẹ̀ wa, níbo ló wà, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n kọ orúkọ sí i kẹ́yìn?