Ẹ Yé Sọ fún Ọmọ Pé Kó Gbá Bọ́ọ̀lù Mọ́lẹ̀

Mo tún gbọ́ ọ ní Sátidé tó kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà pápá tí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ti ń ṣe sọ́fítíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà níbí: "Gbá a mọ́lẹ̀! Jẹ́ kí igi wá láti òkè!" Kóòṣì ló ń pariwo, àwọn òbí sì ń gbè é. Àwọn òbí Yorùbá tó wà níbẹ̀ náà ń gbè é, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti dé fìlà kóòṣì mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ jù, mo sì ti rí ọmọ tó pọ̀ jù tó fi ẹkún kúrò nínú eré yìí nítorí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò gùn. Wọ́n ní kí ọmọ gbé igi sí èjìká, kó wá fi gé bọ́ọ̀lù láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń la igi ìdáná. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ ló dára jù, torí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e, kó jù ú, kí ẹlòmíràn sì hán an. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń yan bọ́ọ̀lù, ojo ni. Kó gbá ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Mi ò ní bá wọn fi iyọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí ti wó. Ẹ jẹ́ ká fi béésíbọ́ọ̀lù àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ ná: orí òkìtì tó ga ní ínṣì 10 ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń dúró sí. Ó jìnnà sí pléètì, níbi tí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wà, ní ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6. Bó bá na apá, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ sábà máa ń ga tó orí àgbàlagbà tó dúró ṣánṣán. Ibo ni bọ́ọ̀lù ọ̀hún wá ń lọ? Àárín orúnkún sí àyà ẹni tó mú igi dání ni. Òkè ló ti ń bọ̀, òòfà ilẹ̀ sì ń fà á ní gbogbo ọ̀nà. Èyí tó le jù, tó ń sáré ní nǹkan bíi máìlì 90 ní wákàtí kan, máa ń dé orí pléètì pẹ̀lú ìdagẹ̀rẹ̀ tó tó nǹkan bíi dígírì 6. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yí kó lè kọ́rọ́ máa ń dagẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbé igi wá. Ọmọ ṣe ohun tí kóòṣì wí, igi rẹ̀ ń ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀ ní dígírì 8. Igi ń lọ síwájú, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà wọn gé ara wọn kọjá ní dígírì 14, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti lè pàdé dáadáa. Bí ọmọ bá yá jù tàbí tó pẹ́ díẹ̀, tí ibi ìpàdé fi yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré, àárín igi àti àárín bọ́ọ̀lù ti fi ínṣì 3 jìnnà síra wọn. Igi béésíbọ́ọ̀lù tó sanra jù tí òfin àwọn àgbà gbà kò ju ínṣì 2.61 lọ. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò pé ínṣì 3. Ẹ ṣe ìṣirò náà: igi kò ní kan bọ́ọ̀lù rárá. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré ní máìlì 90 sì ń rin ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ta ni ọmọ tí kò ní ṣi àkókò tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Àgbàlagbà wo gan-an ló lè máa bá a pé lójoojúmọ́?

Ọmọ kejì jẹ́ kí igi rẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ní dígírì 6 sí 10, nígbà tó bá dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ojú ọ̀nà kan náà ni igi àti bọ́ọ̀lù ń rìn, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀: igi ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó yá jù: igi ṣì wà lójú ọ̀nà. Ọmọ yìí ṣi àkókò bíi ti ẹnì kejì rẹ̀, síbẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù. Agbára kọ́ ló fi jù ú, kò sì yára jù ú lọ. Ọ̀nà tí igi rẹ̀ gbà ló dára jù. Ní ti àwọn tó ní kí igi tẹ́jú pẹrẹsẹ, tiwọn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n dígírì 6 ṣì kù tí wọn kò rí nǹkan ṣe sí.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: "Ṣùgbọ́n ojú wa ń rí igi tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká!" Bẹ́ẹ̀ ni. Èjìká ga ju bọ́ọ̀lù lọ, igi kò sì lè débẹ̀ láìsọ̀ kalẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lẹ rí. Bó bá ti sọ̀ dé ibi tí bọ́ọ̀lù ga dé, ó gbọ́dọ̀ yí padà kó máa gòkè, ibẹ̀ ni ìpàdé sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ ya ọmọ yín láti ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí àwòrán náà máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i. Fóònù wà lápò gbogbo kóòṣì lórí pápá yẹn. Wọn kò wò ó! Wọ́n ń ba ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nítorí ohun tí ìṣẹ́jú márùn-ún máa fi hàn wọ́n pé irọ́ ni.

Wọ́n á ní ti sọ́fítíbọ́ọ̀lù yàtọ̀. Wọ́n á ní kò sí òkìtì níbẹ̀, ìbàdí ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, nítorí náà òkè ló ń lọ. Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí pé ó dà bí ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ náà. Láàárín àwọn ọmọbìnrin yunifásítì, ẹsẹ̀ bàtà 43 ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fi jìnnà sí pléètì. Ẹni tó ń jù ú máa ń gbé ìgbésẹ̀ ńlá síwájú, kó tó jù ú sílẹ̀ ó kù bíi 37. Ní máìlì 60 ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù máa ń lo ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá àti díẹ̀ lójú ọ̀nà. Láàárín àkókò yẹn, òòfà ilẹ̀ nìkan lè fà á wálẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ ó kéré tán. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò ní ìbàdí tó lè dé itan ẹni tó fẹ́ gbá a, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè, kó ga dé góńgó, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé pléètì, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ní nǹkan bíi dígírì 4. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jù kó já wálẹ̀ ń dagẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n yí lẹ́yìn kó lè dà bí ẹni pé ó ń gòkè nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú bó bá dé, ó sì sábà máa ń ga kọjá àyà. Ohun tó yẹ kéèyàn fi bọ́ọ̀lù yẹn ṣe ni kó fi í sílẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ted Williams ti Boston, tó gbá .406 ní ọdún 1941, ìyẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá, tí kò sì tíì sí ẹlòmíràn tó gbá .400 nínú líìgì ńlá méjèèjì tó wà lónìí láti ìgbà náà wá, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Science of Hitting ní àádọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn: bọ́ọ̀lù ń ti òkè bọ̀, nítorí náà kí igi máa gòkè díẹ̀. Àádọ́ta ọdún! Àwọn kóòṣì tó ń pariwo "mọ́lẹ̀" ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Àwọn àwáwí tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Pé àwọn tó ń ṣọ́ pápá máa ṣàṣìṣe: àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ a máa ṣe é, wọ́n sì máa ń dàgbà. Nínú líìgì ńlá, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ ni wọ́n ń pa. Pé ẹgbẹ́ Cardinals ti St. Louis gba ife ní ọdún 1982 pẹ̀lú home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri pápá) 67 péré: àwọn géńdé asáré ni wọ́n, orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣeré, kì í ṣe orí koríko. Pé àwọn ọmọbìnrin kan ń sáré bí wọ́n ṣe ń gbá a: iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò kan ọmọ tó dúró. Pé bọ́ọ̀lù ọmọ kan ń lọ sókè tààrà, wọ́n sì ń hán an: ó pẹ́ kó tó gbé igi ni, tàbí ó ń gbá bọ́ọ̀lù tó ga jù. Kéèyàn fi ìyẹn sílẹ̀ kó máa sọ pé "gbá a mọ́lẹ̀", ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ wo J.D. Martinez, agbábọ́ọ̀lù líìgì ńlá: ó tún ọ̀nà igi rẹ̀ ṣe kó lè máa gbá a sókè. Houston lé e ní oṣù kẹta ọdún 2014. Ó gbá home run 23 fún Detroit lọ́dún yẹn kan náà, ó sì gbá 45 ní ọdún 2017.

Ó ku ọ̀rọ̀ "gbá ohunkóhun". Igi tó gba ọ̀nà tó dára jù lọ kò wúlò fún bọ́ọ̀lù tí kò ṣeé gbá. Williams pín àyè tí adájọ́ ń wò sí ojú 77, ó sì kọ iye tó rò pé òun lè gbá ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ní àárín gbùngbùn, .400, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá. Ní igun ìsàlẹ̀ tó jìnnà sí i jù, .230. Ọwọ́ kan náà ni, igi kan náà ni. Bọ́ọ̀lù tó yàn ló yàtọ̀. Ìgbà 2,021 ni wọ́n yọ̀ǹda béèsì kìíní fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ó kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù burúkú, ìgbà 709 péré ni wọ́n sì pa á lórí sítíráìkì. Ṣé ojo ni? Ọkùnrin tó wa ọkọ̀ òfurufú ogun ní Kòríà? Ní ọdún 2004, wọ́n yọ̀ǹda béèsì fún Barry Bonds, agbábọ́ọ̀lù líìgì ńlá mìíràn, ní ìgbà 232, ó sì tún gbá .362. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ dárúkọ Vladimir Guerrero, agbábọ́ọ̀lù líìgì ńlá tó máa ń gbá èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣeré, kó mú Guerrero kejì wá kó tó fi í ṣe ìwé ìkọ́ni fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro. Kí ọmọ dúró síbi ìdánrawò láìgbé igi rárá, kó kàn máa wo bọ́ọ̀lù, kó máa sọ sókè pé "èyí dára", "èyí kò dára". Lẹ́yìn náà, kó gbé igi, kó máa gbá èyí tó dára nìkan, kó sì jẹ́ kí igi bá ọ̀nà bọ́ọ̀lù pàdé. Ẹ̀yin òbí, owó yín lẹ fi ń san ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ yín sì ni. Bí kóòṣì kan kò bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ẹ ti fi àwòrán fóònù hàn án, ẹ mú ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ.