Ẹ Jẹ́ Ká Kan Pèpéle Sínú Gbọ̀ngàn

Èrò tèmi ni pé ká fi owó àríyá ìparí ọdún yìí kan pèpéle onípele méjì sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí a ti ń wo fíìmù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn létí àwọn tó ti ń retí ìrẹsì.

Gbogbo àga wa ló wà lórí ilẹ̀ kan náà, àwọn sẹ́ńíọ̀ ló sì ń jókòó síwájú. Orí wọn máa ń bo ìsàlẹ̀ àwòrán, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí. Ilẹ̀ Haúsá la wà. Púpọ̀ nínú wa ni kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì yẹn la fi ń tẹ̀ lé e. Nígbà tá a wo Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti ọdún 1999, ẹni tí kò rí i kà kò mọ ìdí tí ìlù fi lè pa Ọba Lápité. "Kí ló wí? Kí ló wí?" la ń bi ara wa títí ariwo fi gba gbogbo ilé, ni tíṣà bá pa fíìmù.

Àwọn kan ní ká gbé àwòrán sókè. Fáànù máa gé e. Àwọn kan ní kí àwa júníọ̀ bọ́ síwájú. Ṣé àwọn sẹ́ńíọ̀ máa gbà ni?

Pèpéle ò le rárá. Plywood kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní 4, àga oníke mẹ́rin máa gba orí ẹ̀. Kí káfíńtà gbé ìpele àkọ́kọ́ ga ní íńṣì 12, èkejì ní 24. Kó to pákó sábẹ́ rẹ̀, kí íńṣì 16 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kó má baà tẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Kó tún kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ àga má yọ̀ bọ́. Tí inú rẹ̀ bá ṣófo, gbogbo ìgbà tá a bá gbẹ́sẹ̀ ló máa dún bí ìlù, nítorí náà ká ki fóòmù tó ti ya ní họ́sítẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀. (Ká kọ́kọ́ sá a sóòrùn o. Ẹ̀yin náà mọ ìdun.) Ká má ṣe ìpele kẹta, torí ẹni tó bá dìde níbẹ̀ lè fi orí kan fáànù.

Tí wọ́n bá kàn án tán, mi ò fẹ́ kó di ibùjókòó àwọn prefect. Àwọn tó ń wá Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ yẹn ni kó kọ́kọ́ gùn ún.