Géèmù wákàtí mẹ́rin kì í ṣe jìbìtì

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Èèyàn ra géèmù kan tí owó ẹ̀ kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá n'Íkẹjà. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kò dìde títí ó fi parí. Ó tú àdììtú, ó mú ọ̀daràn, ó rí òpin ìtàn. Lẹ́yìn náà ló wá lọ na àtàńpàkò sísàlẹ̀ lórí Steam, ó ní kí ẹnikẹ́ni má rà á, torí pé wákàtí mẹ́rin péré ni òun fi gbá a tán. Ṣé ẹ̀yin náà rí i pé nǹkan kan ò bára mu níbẹ̀?

Géèmù àwárí ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n á fi yàrá kan tí gbogbo ẹrù inú ẹ̀ ti dàrú hàn yín, wọ́n á to orúkọ nǹkan bíi méjìlá sísàlẹ̀, ẹ ó wá máa wá wọn níkọ̀ọ̀kan: kọ́kọ́rọ́, ìyẹ́, aago, ọ̀bọ onígi. Tí ẹ bá rí gbogbo ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sí àpò yín, ẹ ó fi ṣí ilẹ̀kùn tó kàn, ìtàn á tẹ̀ síwájú. Ó ti pẹ́ tí ayé ti fẹ́ràn irú eré yìí. Ìwé Where's Wally? tí Martin Handford gbé jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 1987, ẹbí kan náà ni wọ́n. Lórí kọ̀ǹpútà, Big Fish Games ti ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà gbé Mystery Case Files: Huntsville jáde lọ́dún 2005, àwọn èèyàn sì gba tiẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa di 2008 tí Return to Ravenhearst jáde, wíwá nǹkan nìkan ò tó mọ́. Ìrìn àjò ti wọ̀ ọ́, ìtàn tó ní ẹ̀rù nínú ti wọ̀ ọ́.

Àwọn tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn jù nídìí ẹ̀ ni Artifex Mundi, ilé-iṣẹ́ kan ní Pólándì. Ẹ mú Enigmatis: The Ghosts of Maple Creek tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin ni yín nínú ẹ̀. Ẹ bá ara yín ní ìlú kékeré kan, ẹ ò rántí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí yín mọ́, ọmọdébìnrin kan sì ti sọnù. Gbogbo ẹ̀rí tí ẹ bá rí ni ẹ ó máa lẹ̀ mọ́ ògiri, àwòrán níbí, ìwé pélébé níbẹ̀, títí ẹ ó fi mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Mi ò ní sọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀, ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé Nightmares from the Deep: The Cursed Heart jáde, níbi tí òkú ọ̀gá olè orí omi kan ti jí dìde, tó gbé ọmọbìnrin lọ, tí ìyá ọmọ sì gbá tẹ̀ lé e. Ìtàn tó rọrùn ni, kò díjú, ṣùgbọ́n àwòrán inú ẹ̀ lẹ́wà débi pé èèyàn lè gbàgbé ohun tó ń wá.

Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dínwó lórí Steam, irú géèmù báyìí lè bọ́ sí dọ́là kan tàbí méjì. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń gbà. Mo wá ń bèèrè: ta ló kọ́ wa pé wákàtí la fi ń wọn géèmù, bí ẹni ń fi kóńgò wọn gàrí? Mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn géèmù ńláńlá tó ń gba ọgọ́rùn-ún wákàtí ló kó sí wa lórí. Steam fúnra ẹ̀ tún dá kún un, torí pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ èrò ẹ̀ nípa géèmù, wákàtí tó ti lò nídìí ẹ̀ máa hàn níbẹ̀. Ojú wa á lọ sí nọ́ńbà yẹn ká tó ka ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jáde ní sinimá tó ń bínú pé wákàtí méjì péré ni fíìmù náà.

Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn kan náà tó ní géèmù kúrú jù ló tún máa ń ṣàròyé pé lílọ-bíbọ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù: ẹ rí kọ́kọ́rọ́ ní ìsàlẹ̀ ilé, ẹ gbé e gòkè, òkè ní ẹ lọ mú àtùpà wá, àtùpà wà lẹ́yìn ọgbà. Bọ̀dá, tí wọ́n bá fa ìtàn wákàtí mẹ́rin gùn dé ogún, kí lẹ rò pé wọ́n máa fi kún un? Lílọ-bíbọ̀ yẹn náà ni jàre.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà fún àwọn tó ń ṣe é o. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2021, Emika Games, tó ṣe Summer of '58, kéde pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ géèmù ṣíṣe sílẹ̀ ná. Kì í ṣe géèmù àwárí, géèmù ẹlẹ́rù jẹ̀jẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kan ọ̀rọ̀ wa. Òfin Steam ni pé ẹni tó bá ra géèmù lè gba owó ẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14, tí kò bá tíì lò ju wákàtí méjì lọ nídìí ẹ̀. Summer of '58 kì í tó wákàtí méjì. Àwọn èèyàn gbá a tán, àwọn mìíràn tiẹ̀ yìn ín, wọ́n sì gba owó wọn padà. Òfin yẹn dáa, èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwa tó jẹ́ pé dọ́là la fi ń ra nǹkan níbẹ̀, tí dọ́là kan sì ti kọjá 1,000 náírà láti 2024. Ẹni tó bá fi wákàtí méjì wo géèmù àwárí, ó ti rí ìdajì ẹ̀. Tí kò bá dùn mọ́ ọn, kó dá a padà, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Àmọ́ kí èèyàn jẹun tán, kó nu ẹnu, kó wá ní oúnjẹ ò pọ̀, èyí tún wá jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ẹ má rò pé mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣàríwísí. Ẹ̀sùn gidi wà tí ó yẹ ká fi kan àwọn géèmù yìí, ọ̀pọ̀ tó ń sọ èrò wọn kì í sì í dé ibẹ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ẹ ti mú ọ̀bẹ ní ilé ìdáná, ẹ fi gé okùn kan, ọ̀bẹ pòórá. Ẹ dé ibòmíràn, okùn mìíràn wà níbẹ̀, géèmù ní kí ẹ lọ wá nǹkan mímú. Ẹ wá rí àáké. Ẹ fi àáké ọ̀hún lé okùn, géèmù kọ̀ jálẹ̀, gíláàsì tó fọ́ ló ń retí. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú èyí, àìbìkítà ni.

Èkejì tún wá burú sí i fún àwa tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kejì fún. Ará Pólándì ló ṣe é, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì to orúkọ nǹkan, ojú àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń wo ilé. Wọ́n kọ "bow" sílẹ̀. Ṣé ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà ni, àbí rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀bùn, àbí igi tí wọ́n fi ń ta fáólíìnì? Wọ́n kọ "bat", ẹ ń wá àdán, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ló dúró ti ògiri. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Kì í ṣe pé ojú yín ò dáa, ẹ ò kàn bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dàgbà nínú ilé ni. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣe irú ẹ̀ ní Yorùbá, kó jọ̀ọ́ kó fi àmì ohùn sí i, torí tí mo bá rí "igba" lásán, mi ò ní mọ̀ bóyá igbá ni kí n wá, àbí ìgbá, àbí nǹkan igba.

Ẹ̀kẹta, àwọn ibì kan wà tí wọ́n á fi nǹkan dúdú sínú òkùnkùn, wọ́n á wá máa fìyà jẹ yín tí ẹ bá tẹ ibi tí kò yẹ. Ìyẹn ò fi ọgbọ́n kún un rárá, ojú nìkan ló ń dùn yín.

Tí ẹni tó ti gbá géèmù bá sọ nǹkan wọ̀nyí fún mi, ó ṣe mí lóore. Mo lè fi pinnu bóyá kí n ná dọ́là mi. "Ó kúrú" ò sọ nǹkan kan fún mi.

Àwọn kan á ní kí n yé ṣe wàhálà, ṣebí ti ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù. Ó wà lóòótọ́. June's Journey, tí ilé-iṣẹ́ Wooga ní Berlin gbé jáde lọ́dún 2017, òun ni ọ̀pọ̀ mọ̀. Àwòrán ẹ̀ lẹ́wà, ìtàn ẹ̀ náà sì dá lórí ikú arábìnrin June. Ṣùgbọ́n agbára wà tí ẹ ń lò níbẹ̀, tó bá tán, ẹ ó jókòó dè é kó kún, tàbí kí ẹ ra òmíràn. Ẹ ó tún wá nǹkan nínú àwòrán kan náà léraléra, kí ìràwọ̀ lè pé. Ẹ̀yin tí ẹ ní wákàtí mẹ́rin kúrú, ṣé ìtàn tí kò fẹ́ parí lẹ wá fẹ́? Ẹni tó bá ń ra agbára díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tó tún ń sun dátà sí i, kó ṣírò ẹ̀ wò. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ iye ọjà fún mi lẹ́nu ọ̀nà, kí n sanwó, kí n wọlé, kí n sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn àbájáde wà.

Ohun kan tún wà tí mo fura sí. Wọ́n máa ń pè é ní géèmù àwọn màmá. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àwọn obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ wà lára àwọn oníbàárà wọn pàtàkì. Àwárí náà lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Àǹtí mi kan ní Ṣúrúlérè, ẹni tó ti lé ní ọdún 50, máa ń tẹjú mọ́ àwòrán bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kì í sì í béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ géèmù. Èmi ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí tiẹ̀ tán. Ó máa ń gbá ọ̀kan tán láàárín ìrọ̀lẹ́ méjì, á pa kọ̀ǹpútà, á lọ sùn. N kò gbọ́ ọ rí kó ní ó kúrú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi ẹnu bẹ́lẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, bóyá ká fún wọn ní yàrá dídàrú kan ká wò ó.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Maple Creek, ẹ dúró de ẹ̀dínwó. Apá kẹta ẹ̀, The Shadow of Karkhala, jáde lọ́dún 2016. Òun lèmi àti àǹtí mi fẹ́ jọ gbá tí owó oṣù bá wọlé.