Ẹsẹ̀ Tuntun Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí wọ́n bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin lónìí, bóyá wọn ìbá fi kún un pé rímù ńlá kọ́ ni ọkọ̀ ńlá. Peugeot 504 tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ ni ó ń kọjá lọ yẹn. Ọmọ ti tún un kùn, ó ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì ti gbé e ka orí rímù íǹṣì 17 tó ń kọ mọ̀nà bí dígí. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ń mi orí. Ta ni ó jàre?

Ẹni tí kò mọ ìtàn ọkọ̀ yìí kò lè dá ẹjọ́ náà. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ náà ní Kàdúná ní ọdún 1975, ó di ọmọ onílẹ̀ láàrin wa. Ọdún yẹn kan náà ni a dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni owó Údòjì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ àgbà, dókítà, adájọ́, akọ̀wé àgbà: 504 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jáde. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ẹsẹẹsẹ mẹ́ta, ni ó ń kó èrò láti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Nítorí náà, bí ọmọ bá jogún 504 lónìí, kì í ṣe irin lásán ni ó jogún. Orúkọ bàbá wà lára rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò sì dédé gbayì. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ọ̀nà burúkú ń bẹ láyé. Wọ́n fún un ní súpírìn tó rọ̀ tó sì ga, wọ́n sì wọ táyà tí ikùn rẹ̀ nípọn fún un, kí táyà náà lè gba ìyà kòtò kí ó tó kan rímù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1975, tí ó tún gbà á ní 1978. Bí a bá wá yọ táyà oníkùn náà, tí a fi rímù ńlá àti táyà pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀, ohun tó sọ ọkọ̀ náà di ọba ojú ọ̀nà Áfíríkà gan-an ni a yọ dànù. Kòtò kan péré lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ tó láti tẹ etí rímù olówó iyebíye.

Ìlọrin kì í kúkú ṣe ìlú tí a ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ ohun gígùn. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni. Ẹni tó bá ti wo Dùbá rí mọ bí wọ́n ti ń fi awọ, ide àti aṣọ aláràbarà wọ ẹṣin títí tí ojú kò fi ní lè kúrò lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó bínú sí ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n gàárì tí kò bá ẹ̀yìn ẹṣin mu, egbò ni yóò dá sí i, bí ó ti wù kí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ náà kò le. Táyà 504 jẹ́ ti rímù íǹṣì 14, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 175, ikùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Bí a bá rò ó pọ̀, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ bíi mílímítà 636. Ẹni tó bá wọ 225/55 lórí rímù 17 ti gbé e lọ sí 679. Nígbà tí aago inú ọkọ̀ bá ń sọ pé kìlómítà 100 ni awakọ̀ ń sá ní wákàtí kan, bíi 107 ni ó ń sá ní ti gidi. Ẹ́ńjìnnì yóò máa mí hẹlẹ bí ó bá ń gun òkè, bíríìkì àtijọ́ yóò máa bá ẹsẹ̀ tó tóbi jù ú lọ jìjàkadì, táyà yóò sì máa ha mọ́dígáàdì níbi tí awakọ̀ bá ti fẹ́ yí ọwọ́. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ gé mọ́dígáàdì náà.

Ti ihò bóòtù ni ó burú jù. Ihò bóòtù 504 kò bá ti Peugeot òde òní mu, nítorí náà àwọn kan ń lu ihò tuntun, àwọn kan ń ki irin sáàrin. Àwọn tó ní Mercedes àtijọ́, irú W123, kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé bóòtù márùn-ún tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bá ti ọ̀pọ̀ Mercedes ìwòyí mu. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó ń tàn wọ́n jẹ.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á dá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́bi tán. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kò rọrùn láti rí táyà tuntun tó dára fún rímù 14 àtijọ́. Àgbà tó ní kí ọmọ má yí ohunkóhun padà, ibo ni ó fẹ́ kí ọmọ náà ti rí i rà? Ọ̀nà kan wà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Táyà 195/65 lórí rímù 15, tó pọ̀ lọ́jà nítorí Toyota, ga tó nǹkan bíi mílímítà 634. Mílímítà kan sí méjì péré ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àtijọ́. Bí a bá rí rímù tí ihò rẹ̀ bá a mu láìjẹ́ pé a lu òmíràn, ọkọ̀ yóò lẹ́wà, kò sì ní ya aláìsàn.

Ohun tó yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù ni èyí: owó rímù ńlá máa ń tán ọ̀pọ̀ lápò, wọn a sì lọ ra táyà tòkunbọ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Ẹni tó bá rí 1214, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2014 ni. Dídán rímù kò lè sọ irú táyà bẹ́ẹ̀ di ọ̀dọ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń gbé Chevrolet ọdún 1970 sókè lórí rímù íǹṣì 26, wọ́n sì ń pè é ní àṣà tiwọn. Ní ìdà kejì, ẹgbẹ́ àgbáyé FIVA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, kò ka ọkọ̀ sí ohun ìtàn àfi bí ó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún tó sì wà ní ipò tí ìtàn fi mọ̀ ọ́n. Ìlọrin kò ní láti tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn ahunṣọ ìlú yìí ti fi òwú títàn kún aṣọ òkè, kò sì sí ẹni tó sọ pé kì í ṣe aṣọ òkè mọ́, torí pé òfì kò yí.

Kí ọmọ tó bá fẹ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà ṣáà kó rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àtijọ́ pamọ́ pẹ̀lú ìdérí wọn. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń dúró dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ rímù bẹ́ẹ̀ ti di ààrò tí wọ́n ń sun àgbàdo lé lórí lẹ́bàá títì. Òmíràn so rọ̀ lórí igi ní ọgbà ilé ìwé, tí wọ́n ń fi irin lù ú bí àkókò ìsinmi bá tó.