Ẹlẹ́sẹ̀ náà fẹ́ sọdá ojú irin

Mo dúró lẹ́bàá ojú irin ní Láfẹ́nwá, mò ń wo ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì rù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá. Mo ní, "Màmá, ẹ ò bẹ̀rù ni?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọn ò tíì bí mi tí rélùwéè ti ń gba ibí." Òótọ́ ni, láti 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Ìbàdàn.

Àmọ́ ti tuntun, tí wọ́n ṣí lóṣù kẹfà ọdún 2021, kì í ṣe ẹgbẹ́ ti àtijọ́. Wọ́n ṣe ojú irin rẹ̀ fún eré kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ká tiẹ̀ ní 120 ló ń sá: mítà 33 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú irin méjì ló wà níbẹ̀, ká ní mítà 10 lèèyàn máa rìn láti sọdá. Ẹni tó ru ẹrù lè lo ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọkọ̀ ti rin mítà 330! Búréèkì ńkọ́? Irin lórí irin ń yọ̀ ju táyà lórí ọ̀dà lọ. Ó lè rìn tó kìlómítà kan kó tó dúró. Ojú wa náà ń tàn wá: nǹkan ńlá máa ń dà bíi pé kò yára. Ẹ wo bàálù tó ń balẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n ṣáà ṣe ọgbà yí i ká. Èmi ò gbà. Bí ọjà bá wà níbí, tí ilé wà lọ́hùn-ún, wọ́n á gé wáyà yẹn ni jàre. Afárá náà gbọ́dọ̀ ga kọjá orí ọkọ̀, bíi mítà mẹ́fà sí méje. Ta ló fẹ́ gbé agbọ̀n gun àtẹ̀gùn yẹn? Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ àti ọlọ́mọlanke ńkọ́?

Níbi tí wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ gbé ojú irin ga, ọ̀nà abẹ́ rẹ̀ ló dáa jù. Èèyàn ò sábà ga tó mítà méjì, nítorí náà mítà mẹ́ta ti tó. Kí wọ́n fi iná sí i, kí wọ́n sì la gọ́tà, torí òjò. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́, kí afárá dà gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́. Gẹ̀rẹ́ yẹn lè gùn ju mítà 80 lọ, owó ńlá ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ ti la ọ̀nà, kí wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ yọ earpiece létí kẹ́ ẹ tó sọdá. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, ẹ ṣì dúró, ẹ wo ojú irin kejì.