Ọkọ̀ Tó Ń Jo Ọ́ìlì

Bí ọkọ̀ yín tó ní túbò bá ń jo ọ́ìlì, ẹ máṣe sáré ra síìlì.

Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn gbígbóná díẹ̀ a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bọ́ sí ikùn ẹ́ńjìnnì. Ti túbò a máa pọ̀ jù, pàápàá bí ẹ bá di ẹrù tí ẹ sì ń gun òkè láti Lọ́kọ́ja lọ sí Kábà. Rọ́bà kan ló ń gbé atẹ́gùn yìí jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí i, atẹ́gùn yóò ti ọ́ìlì gba ojú síìlì. Ọ́ìlì inú túbò pàápàá kò ní lè ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ ó wá máa rí èéfín aláwọ̀ aró lẹ́yìn ọkọ̀. Síìlì titun yóò tún jò, owó yín á sì gbé.

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ má tẹ iná, kí ẹ rọra ṣí ìdérí ibi tí à ń rọ ọ́ìlì sí. (Ẹ ṣọ́ra, ó gbóná!) Bí atẹ́gùn bá rọra ń jáde, kò burú. Bó bá ń fẹ́ tagbára-tagbára, kí mẹkáníìkì tú rọ́bà náà àti fáàfù rẹ̀, kó fọ̀ wọ́n tàbí kó pààrọ̀ wọn. Mẹkáníìkì tí kò bá kọ́kọ́ wo ibẹ̀, èmi kò ní gbé ọkọ̀ fún un.

Bí rọ́bà bá mọ́ tó ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríìngì ló ti jẹ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó.